Ìbò 537 Kọ́ Ni Ó Yan Ààrẹ ní Florida

Ìtàn kan wà tí àwa olùkọ́ fẹ́ràn láti máa sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí àkókò ìdìbò bá ń súnmọ́. A ó ní: ní ọdún 2000, ní ìpínlẹ̀ Florida ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ìbò 537 péré ni George W. Bush fi borí Al Gore, ìbò 537 yìí ni ó sì sọ ọ́ di ààrẹ orílẹ̀-èdè tí ó lágbára jùlọ láyé. Lẹ́yìn náà ni a ó wá fi kún un pé: ẹ ò wa rí i pé ìbò ẹnì kọ̀ọ̀kan ni ó níye lórí? Àwọn ọmọ á mi orí, agogo á lù, olúkúlùkù á gba ilé rẹ̀ lọ.

Mo ní ẹjọ́ bá ìtàn yìí rò. Iye náà kì í ṣe irọ́. 537 ni ìjọba Florida kọ sílẹ̀, òun náà ni ó wà nínú ìwé ìtàn títí di òní. Ohun tí mò ń bá jà ni ẹ̀kọ́ tí a ń fà yọ láti inú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà ń ṣi àwọn ọmọ lọ́nà, nítorí ó ń mú wọn rò pé ọjọ́ ìdìbò nìkan ni gbogbo nǹkan ń ṣẹlẹ̀, pé bí ènìyàn bá ti tò, tí ó ti dìbò, tí ó sì ti padà sílé, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Ní Florida, ìwé ìdìbò tí a kò rí ìbò ààrẹ kankan kà nínú rẹ̀ tó nǹkan bí 180,000. Lóòótọ́, àwọn kan wà nínú àwọn tí ó ni ín tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi àyè ààrẹ sílẹ̀ lófìfo nítorí pé kò sí olùdíje tí ó wù wọ́n. Àwọn wọ̀nyí kò pọ̀ rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí wọ́n fẹ́ yan ẹnì kan tí ìwé wọn sì di òfo. Ẹ gbé 180,000 ka ẹ̀gbẹ́ 537, kí ẹ wá sọ fún mi èyí tí ó yẹ kí a máa fi kọ́ ọmọ.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé wa dáadáa, ó yẹ kí a rántí bí wọ́n ti ń yan ààrẹ lọ́hùn-ún, nítorí kò jọ tiwa. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ìbò Kétu, ti Ṣábẹ̀ẹ́, ti Àjàṣẹ́ àti ti Kútọnu, inú apẹ̀rẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń já sí. Ẹni tí ìbò rẹ̀ bá ju ìdajì lọ ni ó wọlé. Bí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, a ó tún dìbò lẹ́ẹ̀kejì. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ní apẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Aṣojú olùdìbò 538 ni ó ń yan ààrẹ, ẹni tí ó bá kó 270 nínú wọn ni ó sì borí. Ní Florida, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ẹni tí ó bá fi ìbò kan ṣoṣo ṣíwájú ni ó kó gbogbo aṣojú. Ẹni kejì kò rí ẹyọ kan gbà. Aṣojú 25 ni Florida ní lọ́dún 2000. Nígbà tí a ka ti gbogbo ìpínlẹ̀ yòókù tán, kò sí ẹni tí ó dé 270 nínú àwọn méjèèjì, nítorí náà ẹni tí ó bá gba Florida ni yóò wọ ilé ààrẹ. Ní gbogbo Amẹ́ríkà pátá, Gore fi ìbò tí ó lé ní 540,000 ju Bush lọ. Kò ràn án lọ́wọ́. Bush kó aṣojú 271, Gore kó 266, aṣojú kan láti Washington sì kọ̀ láti dìbò rárá.

Alẹ́ ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ọdún náà dà bí eré alárìnjó. Àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kéde pé Gore ti gba Florida, nígbà tí àwọn ènìyàn apá ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ náà, tí aago wọn fi wákàtí kan rẹ̀yìn, ṣì ń dìbò lọ́wọ́. Wọ́n kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ. Ní nǹkan bí aago méjì òru wọ́n ní Bush ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n tún kó ìyẹn náà jẹ. Gore ti pe Bush lórí fóònù láti kí i kú oríire, ó sì tún pè é padà láti gba ìkíni rẹ̀ padà. Apá yìí ni a máa ń rántí jù, bóyá nítorí pé ó pa ni lẹ́rìn-ín. Ibi tí ọ̀ràn náà ti burú kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín.

Florida pín sí àgbègbè ìjọba 67, tí wọ́n ń pè ní káúntì. Lọ́dún 2000, káúntì kọ̀ọ̀kan ni ó ń yan ẹ̀rọ tí yóò fi ka ìbò, òun náà ni ó sì ń ṣètò bí ìwé ìdìbò rẹ̀ yóò ti rí. Ní apá àríwá, káúntì méjì wà tí wọ́n fara kanra: Leon, níbi tí Tallahassee, olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà, wà, àti Gadsden, ilẹ̀ àwọn tí ń gbin tábà nígbà kan rí, káúntì kan ṣoṣo ní gbogbo Florida tí àwọn aláwọ̀ dúdú ti pọ̀ ju àwọn yòókù lọ. Irú ìwé kan náà ni káúntì méjèèjì ń lò: olùdìbò á kun àyè kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ orúkọ ẹni tí ó fẹ́, ẹ̀rọ á sì fi ojú iná rẹ̀ kà á.

Ìyàtọ̀ wọn nìyí. Ní Leon, ẹ̀rọ ìkàbò wà ní ibùdó ìdìbò gan-an. Bí olùdìbò bá ṣàṣìṣe, tí ó kun àyè méjì, ẹ̀rọ á kọ ìwé náà, á dá a padà sí i lọ́wọ́, wọn á sì fún un ní òmíràn. Ní Gadsden, inú àpótí ni olùdìbò ń ju ìwé rẹ̀ sí, a ó sì kó gbogbo àpótí lọ sí ibì kan ṣoṣo láti kà wọ́n. Nígbà tí ẹ̀rọ bá rí àṣìṣe níbẹ̀, ẹni tí ó ṣe é ti wà nílé rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò pè é. Wọ́n tún wá to orúkọ àwọn olùdíje ààrẹ sí òpó méjì lórí ìwé Gadsden, tí ó fi jẹ́ pé àwọn kan rò pé ìdìbò mìíràn ni òpó kejì, wọ́n sì kun àyè kan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní Leon, ìwé tí ó di òfo kò tó 1 nínú 100. Ní Gadsden, nǹkan bí 12 nínú 100 ni.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: wọn yóò ní àwọn ará Gadsden tálákà, wọn kò kàwé tó, ta ni a ó bá wí? A kì í ṣe àlejò èsì yìí. Ohun kan náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé wa kan máa ń sọ nípa àwọn ìyá wa tí kò gbọ́ Faransé. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Bí àwọn ará Leon kò bá ṣàṣìṣe, kí ni ẹ̀rọ wọn ń dá padà? Wọ́n ṣàṣìṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì tí ó wà ní Tallahassee lè kun àyè méjì bí àgbẹ̀ Gadsden ti lè kùn ún. Ohun tí ó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ ni pé a sọ fún ẹnì kan pé ó ti ṣì í, kí ó tún un ṣe, a sì jẹ́ kí ẹnì kejì máa lọ. Àṣìṣe ọlọ́rọ̀ ni a tún ṣe. Ti tálákà ni a kà sí i lọ́rùn. Owó ẹ̀rọ ni ó fa ìyàtọ̀ yìí, àwọn tí ó sì mọ̀ nípa rẹ̀ kò dákẹ́ nítorí àìmọ̀.

Palm Beach ni ó gbajúmọ̀ ju Gadsden lọ, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí ìtàn rẹ̀ fi hàn pé kò dìgbà tí ènìyàn bá ní èrò búburú kí ó tó ba ìdìbò jẹ́. Olùdíje mẹ́wàá ni ó wà lórí ìwé Florida lọ́dún náà. Alábòójútó ìdìbò ní Palm Beach, Theresa LePore, ọmọ ẹgbẹ́ Democrat bí i ti Gore fúnra rẹ̀, ro ti àwọn arúgbó tí wọ́n pọ̀ ní àgbègbè náà. Ó fẹ́ kí lẹ́tà tóbi, kí wọ́n lè rí i kà. Nítorí náà ó tẹ́ orúkọ wọn sí ojú-ewé méjì tí ó kọjú síra bí ìyẹ́ labalábá, ó sì to àwọn ihò tí a ó lu sí àárín. Bush ni ó ṣíwájú lápá òsì, ihò kìíní sì ni tirẹ̀. Gore ni ó tẹ̀lé e lápá òsì kan náà, ṣùgbọ́n ihò kejì kì í ṣe ti Gore. Ti Pat Buchanan ni, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lókè lápá ọ̀tún. Ihò kẹta ni ti Gore. Ẹni tí ó bá ka orúkọ wálẹ̀ lápá òsì, tí ó rí Gore ní ipò kejì, tí ó sì lu ihò kejì, Buchanan ni ó dìbò fún láìmọ̀.

Buchanan rí ìbò tí ó lé ní 3,400 ní káúntì yìí, níbi tí àwọn àgbàlagbà Júù tí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ sétí ti pọ̀. Òun fúnra rẹ̀ bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó gbà pé ọ̀pọ̀ nínú ìbò náà kì í ṣe tòun. Àwọn tí ó lé ní 19,000 mìíràn lu ju ihò kan lọ, ìwé wọn sì di òfo. Ní Duval, níbi tí ìlú Jacksonville wà, ojú-ewé méjì ni orúkọ àwọn olùdíje gbà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Àpẹẹrẹ ìwé ìdìbò tí wọ́n gbé jáde ṣáájú sì ti sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n dìbò ní gbogbo ojú-ewé. Àwọn tí ó gbọ́ràn ni ó pàdánù: ìwé tí ó lé ní 20,000 di òfo nítorí pé a yan ju ẹnì kan lọ, púpọ̀ nínú wọn sì wá láti àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2001, Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ará-Ìlú ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbé ìwádìí rẹ̀ jáde. Ó ní ní Florida, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá tí ìwé ìdìbò aláwọ̀ dúdú fi lè di òfo ju ti àwọn mìíràn lọ. Ọmọ ìgbìmọ̀ méjì kò fọwọ́ sí i; wọ́n ní àṣìṣe olùdìbò ni, kì í ṣe ìyànjẹ. Mo ti sọ èrò mi lórí èyí lókè. Ẹni tí ó bá tún fẹ́ dá àwọn olùdìbò lẹ́bi, kí ó kọ́kọ́ gba Gadsden kọjá.

Ẹni tí ó dé ibùdó ìdìbò, tí a sì gbé ìwé lé lọ́wọ́, ni à ń sọ títí di ìsinsìnyí. Àwọn mìíràn kò dé ibẹ̀ rárá, àwọn mìíràn dé ibẹ̀ tí a ní kí wọ́n máa lọ. Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni òfin Florida ti sọ pé ẹni tí ilé-ẹjọ́ bá dá lẹ́bi ọ̀ràn ńlá kò gbọdọ̀ dìbò mọ́ títí ayé, àfi bí àwọn aláṣẹ ìpínlẹ̀ bá ṣíjú àánú wò ó. Kí ìdìbò 2000 tó dé, ìjọba ìpínlẹ̀ gba ilé-iṣẹ́ aládàáni kan láti ṣa orúkọ irú àwọn bẹ́ẹ̀ jáde nínú ìwé orúkọ olùdìbò. Wọ́n fi orúkọ wé orúkọ, wọ́n fi ọjọ́ ìbí wé ọjọ́ ìbí, ìjọba sì fọwọ́ sí i pé kí ìwéra náà má le jù: bí orúkọ bá ti jọra, ó ti tó. Ẹni tí kò tíì fojú kan ilé-ẹjọ́ rí gba lẹ́tà pé ọ̀daràn ni. Alábòójútó ìdìbò ní káúntì Madison, obìnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ṣètò ìdìbò náà gan-an, gba irú lẹ́tà yìí. Àwọn káúntì kan pa àkọsílẹ̀ náà tì nígbà tí wọ́n rí i pé kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Àwọn mìíràn lò ó bí wọ́n ti fún wọn. Àwọn aláwọ̀ dúdú sì pọ̀ nínú rẹ̀ ju bí wọ́n ti pọ̀ láàárín àwọn olùdìbò lọ.

Ta wá ni adájọ́ eré yìí? Katherine Harris, akọ̀wé ìpínlẹ̀, ẹni tí òfin fún ní àṣẹ láti fi èsì ìdìbò múlẹ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn alága ìpolongo Bush ní Florida. Gómìnà ìpínlẹ̀, Jeb Bush, jẹ́ àbúrò olùdíje. Ó yẹra fún ìgbìmọ̀ tí ó fi èsì múlẹ̀, èyí tí ó dára, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí kò mọ ọmọ ẹni tí í ṣe. Kí n má bàa ṣe ojúsàájú, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ náà, Bob Butterworth, ni alága ìpolongo Gore níbẹ̀. Nítorí náà kò sí ọwọ́ mímọ́ lápá kankan. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Harris ni èdìdì wà.

Ìkà àkọ́kọ́ fún Bush ní ìbò 1,784 ju Gore lọ. Òfin ìpínlẹ̀ sì pàṣẹ pé kí a tún un kà nígbà tí àlàfo bá kéré tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tún un kà, àlàfo náà sì sún kì. Ìbò àwọn tí ó wà lókè òkun dé, ó gbé e dé 930. Gore béèrè pé kí a fi ọwọ́ ka ti káúntì mẹ́rin: Palm Beach, Broward, Miami-Dade àti Volusia. Níbi tí wọ́n ti ń lo káàdì tí a ń lu ihò sí, àwọn òṣìṣẹ́ gbé káàdì sókè sí iná, wọ́n ń yẹ ègé bébà tí kò já tán wò, wọ́n ń jiyàn bóyá ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ fẹ́ dìbò tàbí kò fẹ́. Ohun tí a kà sí ìbò ní káúntì kan, a kò kà á sí ní káúntì kejì. Ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá, Harris fi èdìdì lé 537. Ní ọjọ́ 8 oṣù kejìlá, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ní Florida, adájọ́ mẹ́rin sí mẹ́ta, ní kí a yẹ ìwé tí ẹ̀rọ kò rí ìbò nínú rẹ̀ wò káàkiri ìpínlẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ti Amẹ́ríkà dá iṣẹ́ náà dúró. Nígbà tí ó di ọjọ́ 12, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin, wọ́n fòpin sí i. Ìdí tí wọ́n fi hàn ni pé àwọn káúntì kò fi òṣùwọ̀n kan náà ka ìbò, ìyẹn sì jẹ́ àìdọ́gba. Àìdọ́gba! Nígbà tí Gadsden àti Leon ń lo òṣùwọ̀n méjì ní ọjọ́ ìdìbò gan-an, àìdọ́gba náà kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìgbà tí a fẹ́ tún un ṣe ni ó di ẹ̀ṣẹ̀.

Mo gbọ́ ohùn àwọn kan láti ẹ̀yìn nísinsìnyí, pàápàá láàárín àwọn ọ̀dọ́: bí Amẹ́ríkà náà bá lè ṣe báyìí, kí ni a tún ń tò sí nínú oòrùn fún? Ẹ jẹ́ kí a jókòó sílé. Èmi kò lè bá wọn lọ. Ẹni tí ó jókòó sílé ti bá àwọn tó ń ṣa orúkọ dànù ṣe iṣẹ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2001, àwọn ilé-iṣẹ́ ìròyìn ńláńlá jọ gbé èsì àyẹ̀wò tí wọ́n gba àwọn olùwádìí ṣe jáde, lórí nǹkan bí 175,000 ìwé tí a ti sọ nù. Bí a bá ka ti káúntì mẹ́rin tí Gore béèrè nìkan, Bush ni yóò tún wọlé. Bí a bá yẹ gbogbo ìwé tí a sọ nù wò ní gbogbo ìpínlẹ̀, ó ṣeé ṣe kí Gore fi ìbò díẹ̀ ṣíwájú. Gore ti sọ ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n pé bí Bush bá gbà, kí a ka gbogbo rẹ̀. Bush kò gbà. Ṣùgbọ́n níwájú òfin, káúntì tí ó rò pé àwọn ènìyàn òun pọ̀ sí ni ó béèrè fún. Gadsden kò sí nínú wọn. Àwọn tí wọ́n dì ìbò fún un jùlọ, tí ìwé wọn sì bàjẹ́ jùlọ, kò sí ẹni tí ó rántí wọn nígbà náà.

Lẹ́yìn ìtìjú náà, ohun tí a ní kò ṣeé ṣe wá di ṣíṣe kíákíá. Lọ́dún 2001 kan náà, àwọn aṣòfin Florida fi òfin de káàdì tí a ń lu ihò sí, wọ́n sì pàṣẹ kí ẹ̀rọ ìkàbò máa wà ní ibùdó ìdìbò, kí ó lè sọ fún olùdìbò pé ó ti ṣàṣìṣe. Owó kan kò kúkú gbé Gadsden mì. Ti orúkọ àwọn tí ilé-ẹjọ́ dá lẹ́bi pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ: ọdún 2018 ni nǹkan bí 65 nínú 100 olùdìbò tó fọwọ́ sí i pé kí ẹni tí ó ti parí ìjìyà rẹ̀ padà máa dìbò, àyàfi apànìyàn àti ẹni tí ó jẹ̀bi ọ̀ràn ńlá tí ó jẹ mọ́ ìbálòpọ̀. Lọ́dún tí ó tẹ̀lé e, àwọn aṣòfin ní kí onítọ̀hún kọ́kọ́ san gbogbo owó ìtanràn rẹ̀ tán. Ìjà náà ṣì ń lọ.

Ohun tí mò ń béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa kò ju agbára wa lọ. Nígbà tí a bá tún gbé ìwé orúkọ olùdìbò síta fún àyẹ̀wò, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní CEG àti ní yunifásítì lọ bá àwọn bàbá àti ìyá wọn wá orúkọ wọn níbẹ̀, kí wọ́n wo bí a ti kọ ọ́, nítorí a mọ bí akọ̀wé tí kò gbọ́ Yorùbá ti í máa kọ orúkọ wa. Kí a mú àpẹẹrẹ ìwé ìdìbò lọ sí ọjà, kí a gbé e fún àwọn ìyá, kí a má sọ ohunkóhun, kí a kàn wo ibi tí ọwọ́ wọn yóò tẹ̀. Bí èsì bá sì jáde, kí a má dúró lórí ẹni tí ó wọlé. Kí a kọ iye ìbò òfo, èyí tí Faransé ń pè ní bulletins nuls, ti arrondissement kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú ìwé ìròyìn yìí. Níbi tí a bá ti rí ibì kan tí tirẹ̀ jẹ́ ìlọ́po ti aládùúgbò rẹ̀, kí a rán ènìyàn lọ síbẹ̀ láti béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀, kí ìdìbò mìíràn tó dé.